Bí Ẹ Ṣe Lè Gbádùn French Quarter ní New Orleans, Láti Ọ̀sán Wọ Òru

Alẹ́ Sátidé ni mo kọ́kọ́ dé New Orleans, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà. Mo ju àpò sí yàrá, mo wẹ̀, ó di òpópó Bourbon nínú French Quarter. Kí wákàtí kan tó pé, etí mi ti di, ẹnì kan ti da ọtí sí mi láṣọ, mo sì ti san ogún dọ́là fún ọkùnrin kan tó ní òun fẹ́ nu bàtà mi. Mo padà sí yàrá, mo ń bi ara mi pé ṣé ibi tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ náà rèé. Láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún jáde sí òpópó kan náà. Kò sí èrò. Mo gbójú sókè wo àwọn ilé, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, ìgbà yẹn ni mo tó mọ ibi tí mo wà. Láti ìgbà náà mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnikẹ́ni tó bá sì bi mí bí wọ́n ṣe ń lọ, ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún un: ojú ọ̀sán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi mọ ibẹ̀, kí ẹ tó fi òru rìn ín.

French Quarter ni New Orleans gan-an nígbà ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn Faransé ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1718 sí etí odò Mississippi, Bienville ni olórí wọn. Àdúgbò náà kò tóbi. Canal Street wà lápá kan, Esplanade Avenue wà lápá kejì, odò wà níwájú, Rampart Street wà lẹ́yìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá á rin òpópó Bourbon já láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n inú àyè kékeré yìí ni nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún ìtàn kó jọ sí, òun ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá sáré wọ̀ ọ́, tó sì sáré jáde, ariwo nìkan ló máa rántí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan àsìkò

Àjọ̀dún Mardi Gras ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ìlú yìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú ni, ìyẹn ọjọ́ tó kẹ́yìn kí àwẹ̀ Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń bọ́ sí oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Ọjọ́ ńlá ni, n kò ní bù ú kù. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ kò dé ìlú náà rí, ẹ jẹ́ kó kọjá. Owó yàrá á ti fò sókè, èrò á pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ò ní gbèrò, àwọn ọkọ̀ ńlá ọlọ́ṣọ̀ọ́ tí ẹ ń rí nínú fọ́tò kò sì gba òpópó Bourbon kọjá mọ́ láti àwọn ọdún 1970. Àwọn òpópó French Quarter há fún wọn. St. Charles Avenue àti Canal Street ni wọ́n ń gbà.

Àsìkò tí èmi fẹ́ràn ni oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, tàbí oṣù kẹrin. Oṣù kẹrin yìí ni wọ́n ń ṣe French Quarter Festival, tí olórin á wà ní ìta gbangba káàkiri àdúgbò, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ yín. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ooru ibẹ̀ lọ́rinrin, aṣọ á lẹ̀ mọ́ yín lára kí ẹ tó rìn dé kọ́nà. Ìgbà ìjì líle tí wọ́n ń pè ní hurricane sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ó di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá kó tó parí. Tí ẹ bá fẹ́ lọ láàárín ìgbà yẹn, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè bá yín yí ọjọ́ rẹ̀ padà.

Nígbà tí ìjì Katrina jà ní oṣù kẹjọ 2005, tí omi bo ibi tó pọ̀ jù nínú ìlú náà, omi ò fi bẹ́ẹ̀ wọ French Quarter. Ilẹ̀ tó ga díẹ̀ létí odò ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó fojú sí, ilẹ̀ náà ló sì gbà á.

Ní ti ọjọ́ ọ̀sẹ̀, Ọjọ́bọ̀ dára gan-an. Olórin ti wà níta, àwọn tó máa ń wá fi òpin ọ̀sẹ̀ mutí kò sì tíì dé tán.

Ìgbésẹ̀ kejì: Yàrá àti ọkọ̀

Ẹ gba yàrá sí ibi tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn padà sí. Tó bá jẹ́ inú French Quarter gan-an ni, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fún yín ní yàrá tó kọjú sí Bourbon. Àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ máa ń ní àgbàlá láàárín, tí igi àti orísun omi kékeré wà nínú rẹ̀. Yàrá tó kọjú sí àgbàlá ni kí ẹ bèèrè. Mo ti sun méjèèjì rí. Nínú ti Bourbon, bááàsì ilé ọtí ń mi bẹ́ẹ̀dì mi títí di aago mẹ́rin ìdájí, nítorí kò sí òfin tó ní kí ilé ọtí ti ilẹ̀kùn nílùú náà. Nínú ti àgbàlá, ẹyẹ ló jí mi.

Ẹ má gbé mọ́tò lọ. Àyè ìgbọ́kọ̀sí ò sí, èyí tó bá sì wà, owó gọbọi ni. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wọ́n ń pè ní streetcar ń ná Canal Street, Rampart àti etí odò, èyí tó ń lọ sí St. Charles sì ti wà láti 1835. Ẹ mú ṣéńjì tó pé dání, wọn kì í fún ènìyàn ní ṣéńjì nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá bèèrè ọ̀nà, ẹ kò ní gbọ́ àríwá tàbí gúúsù. Odò náà lọ́ bí ejò, àríwá àti gúúsù kò sì wúlò fún wọn. "Apá odò" àti "apá adágún" ni wọ́n máa ń sọ, adágún Pontchartrain ni wọ́n sì ń wí. Ẹ fi odò sọ́kàn, ẹ kò ní sọnù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ rìn ín lójúmọmọ

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Jackson Square, iwájú kàtídírà St. Louis. Ilé tó wà lápá òsì yín bí ẹ bá kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n ń pè ní Cabildo. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti fa Louisiana lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní 1803, lẹ́yìn tí Faransé ta ilẹ̀ náà fún wọn. Mùsíọ́mù ni báyìí, ó sì tó ohun tí ènìyàn ń fi wákàtí kan wò.

Ẹ yà sí Royal Street, òpópó kan péré sí Bourbon ni. Lọ́sàn-án, wọ́n máa ń dí apá kan níbẹ̀ kí mọ́tò má gba ibẹ̀, àwọn olórin á sì gbalẹ̀ kan. Bí ẹ ti ń rìn, ẹ gbójú sókè. Irin tí wọ́n fi ṣe bákónì àwọn ilé náà, wọ́n dárà sí i bí léèsì: ewé, òdòdó, èso àjàrà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sínú irin. Àwọn onílé sì máa ń gbé ìkòkò òdòdó kọ́ sí i, tí ewé rẹ̀ á máa kán omi sí ènìyàn lórí.

Ẹ ó gbọ́ tí àwọn amọ̀nà ń sọ pé àdúgbò Faransé tí ẹ̀yà ilé rẹ̀ jẹ́ ti Sípéènì ni. Ohun tó fà á ni iná. Iná ńlá kan jó ìlú náà ní 1788, òmíràn tún jó o ní 1794, abẹ́ ìjọba Sípéènì ni ìlú sì wà nígbà náà. Ilé tí àwọn Faransé kọ́ tó kù kò tó nǹkan. Ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ursuline ní Chartres Street, tí wọ́n kọ́ ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù. Ní kọ́nà òpópó, ẹ ó rí táìlì aláwọ̀ búlúù àti funfun lára ògiri tó ń sọ orúkọ tí òpópó náà ń jẹ́ láyé Sípéènì. Ti Bourbon kà báyìí: Calle de Borbón. Ìdílé ọba Faransé ló ni orúkọ yẹn, ọtí Bourbon kọ́. Mo ti gbọ́ tí amọ̀nà kan sọ pé ọtí ni, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá Rampart Street, kí ẹ wọ Louis Armstrong Park. Ìlú yìí ni wọ́n bí Armstrong, olórin jásì olókìkí, sí ní 1901. Apá iwájú ọgbà náà ni Congo Square wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibẹ̀. Òfin Faransé tí wọ́n ń pè ní Code Noir, tí wọ́n gbé dé Louisiana ní 1724, kò gbà kí wọ́n mú ẹrú ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà fi ọjọ́ kan yẹn pàdé ara wọn. Ní 1817, ìjọba ìlú pàṣẹ pé ojú kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa péjọ sí, pápá yìí ni ojú náà. Wọ́n ń tajà níbẹ̀, wọ́n ń lùlù, wọ́n ń jó bamboula àti calinda. Lọ́pọ̀ ibi mìíràn ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti gba ìlù lọ́wọ́ ẹrú. Níbí, wọn ò gbà á.

Mo dúró sábẹ́ igi ńlá kan níbẹ̀, mo ń wo bí wọ́n ṣe to òkúta ilẹ̀ ní òbírí, òbírí nínú òbírí, bí ìgbà tí èrò bá yí onílù ká. Ìyá àgbàlagbà kan bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó tẹ àárín rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dúró fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni àwọn onílù ṣì máa ń péjọ síbẹ̀. Tí ẹ bá bá wọn lẹ́nu rẹ̀, ẹ dúró gbọ́, nítorí orin tí ẹ fẹ́ lọ gbọ́ lálẹ́, ibí jẹ́ ọ̀kan lára orísun rẹ̀. Ojúmọmọ nìkan ni kí ẹ lọ o. Wọ́n máa ń ti ọgbà náà lálẹ́, agbègbè ẹ̀yìn Rampart sì máa ń dá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jẹun kí ẹ tó mu ohunkóhun

Ẹ jẹ oúnjẹ gidi ní aago márùn-ún tàbí mẹ́fà. Gumbo ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò. Ọbẹ̀ ni, wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì, orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú èdè àwọn ará Áfíríkà tó ń pe ilá ní ki ngombo. Èyí tó bá ní ilá á yọ̀ lẹ́nu yín bí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ bèèrè ẹ̀wà pupa pẹ̀lú ìrẹsì. Àtijọ́, ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ aṣọ fífọ̀, wọ́n á gbé ẹ̀wà kaná, á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń fọṣọ.

Beignet ti Café du Monde, tó ti wà létí Jackson Square láti 1862, dà bí pọfupọfu tó ní igun mẹ́rin, tí wọ́n da ṣúgà ẹlẹ́bú bò ní àdàbolẹ̀. Ẹ má wọ aṣọ dúdú lọ. Bí ẹ bá sì gbé e sẹ́nu, ẹ má mí, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ gé e jẹ ná. Ọ̀rẹ́ mi kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀bú funfun sì bo ojú àwọn tó jókòó ní tábìlì kejì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ohun tí ẹ máa mú dání

Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání, kódà bí irun yín bá ti funfun. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ mutí ní Amẹ́ríkà, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kì í sì wo ojú. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, tó sì ṣeé fọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù, bíríkì rẹ̀ ti hù sókè níbòmíràn, ohun tó sì wà nínú kòtò létí ọ̀nà, n kò ní ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ fi fóònù sápò iwájú. Ẹ má gbé àpò ńlá, àwọn agbófinró lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ṣẹ́ owó sí dọ́là kan-kan àti márùn-ún-márùn-ún. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Olórin, ẹni tó ń gbé ọtí, ọmọdé tó ń fi kóńkó lùlù létí ọ̀nà, gbogbo wọn ni ẹ máa fún ní nǹkan, bí ẹ bá sì mú bílì ogún dọ́là nìkan jáde, ogún dọ́là náà ló máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Òpópó Bourbon

Ẹ wọ̀ ọ́ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ní bíi aago méje. Wọ́n á ti dí i kí mọ́tò má gba ibẹ̀. Láti apá Canal Street ni ariwo ti pọ̀ jù: iná aláwọ̀ mèremère, ilé ọtí lápá ọ̀tún, ilé ọtí lápá òsì, olúkúlùkù pẹ̀lú orin tirẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ á sì dàpọ̀ sí yín létí. Bí ẹ bá kọjá St. Ann Street, ó á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Bí ẹ bá wá dé kọ́nà St. Philip, ẹ ó rí ilé bíríkì kékeré kan tó ti gbó, tí òrùlé rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀. Lafitte's Blacksmith Shop ni, láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àbẹ́là ni wọ́n ń tàn nínú rẹ̀, ojú á kọ́kọ́ ṣú yín kí ẹ tó rí ibi tẹ́ẹ ó jókòó sí. Lójú tèmi, bí ẹ ò bá ní wọ ju ilé ọtí kan lọ ní Bourbon, ibẹ̀ ni kí ẹ wọ̀.

Ìlú yìí gbà kí ènìyàn gbé ọtí rìn níta, ohun tó ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà. Ife oníke ni o. Ìgò kò gbọ́dọ̀ jáde sí òpópó. Bí ọtí yín ò bá tíì tán tí ẹ fẹ́ jáde, ẹ ní kí wọ́n bá yín dà á sínú ife oníke, gbogbo ilé ọtí ló ní in.

Ẹ ṣọ́ra fún ọtí aládùn. Hurricane, tí ilé ọtí Pat O'Brien's sọ di olókìkí, ọtí rum àti omi èso ni. Bí jíúsì ni á ṣe máa lọ lọ́nà ọ̀fun, ìdí yín ni ẹ ó ti mọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ dìde. Ẹ mu ọ̀kan, ẹ mu omi lé e, ẹ rìn díẹ̀ ná. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì tún jẹ́ wàhálà tirẹ̀: kò fi bẹ́ẹ̀ sí ti gbogbo gbòò, ilé ọtí kì í sì fẹ́ kí ẹni tí kò ra nǹkan lo tiwọn. Ẹ lò ó ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti ra nǹkan, yálà ó ń ṣe yín tàbí kò ṣe yín. Ọlọ́pàá máa ń mú ẹni tó bá tọ̀ sójú títì.

Wàyí o, bàtà. Ọkùnrin kan á wá bá yín tẹ̀ríntẹ̀rín, á ní òun fẹ́ bá yín ta tẹ́tẹ́ pé òun mọ ibi tí "ẹ ti ní" bàtà yín. Ẹ̀yin á rò pé ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti rà á ló fẹ́ sọ. Báwo ló ṣe máa mọ̀? Ẹ ó gbà. Á wá ní: "Ẹsẹ̀ yín ni ẹ ti ní in, lórí òpópó Bourbon, ní New Orleans, Louisiana." Ọ̀nà méjì ni gbólóhùn náà ní lédè wọn, ẹ ti bọ́ sínú ẹ̀kejì. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti fọ́n ọṣẹ sí bàtà yín, ó ń nù ún, ó ń bèèrè ogún dọ́là, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì ti dúró tì í. Báyìí ni wọ́n ṣe gba tèmi. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò ju pé kí ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní "Ẹ ṣé, ẹsẹ̀ mi ni," kí ẹ má dúró.

Àwọn obìnrin tó ń gbé ọtí kéékèèké inú túùbù kiri náà wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọtí sí yín lẹ́nu tàbí lọ́wọ́ kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Ohun tí mo sọ yìí kan gbogbo nǹkan tí wọn ò kọ iye sí ní Bourbon: fọ́tò pẹ̀lú ẹni tó múra bí egúngún, awòràwọ̀ tó na káàdì, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sí yín lọ́rùn. "Èló ni?" ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n bá sì jù sílẹ̀ láti bákónì tó bọ́ sínú omi ẹ̀gbin, ẹ fi sílẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, ọkùnrin kan wa mọ́tò wọ àárín èrò ní òpópó yìí, ènìyàn mẹ́rìnlá ló pa. Bí ẹ bá bá irin ìdènà, ọlọ́pàá lórí ẹṣin àti àyẹ̀wò àpò níbẹ̀, ẹ má kùn. Tí wọ́n bá ní kí ẹ gba ibòmíràn, ẹ gba ibẹ̀.

Àwọn ènìyàn ń gbé nínú àdúgbò yìí o. Bí ẹ bá ti kúrò níbi tí iná ilé ọtí wà, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ má jókòó sí àtẹ̀gùn ẹnu ilé onílé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ lọ síbi tí orin wà

Wákàtí méjì ti tó ní Bourbon. Orin tó sọ ìlú yìí di ìlú wà níbòmíràn, ibi méjì ni mo sì máa ń rán ènìyàn lọ.

Ibi kìíní ni Preservation Hall ní St. Peter Street, kò jìnnà sí Bourbon rárá. Láti 1961 ni wọ́n ti ń fi orin jásì àtijọ́ dá àwọn ènìyàn lára yá níbẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Yàrá kékeré ni, ògiri rẹ̀ ti rẹ̀ dànù, wọn ò kùn ún, kì í sì í ṣe ibi ìmutí. Àwọn tó bá kọ́kọ́ wọlé á jókòó sórí tìmùtìmù nílẹ̀, àwọn tó kù á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tàbí kí wọ́n dúró. Ilẹ̀ lèmi jókòó sí. Bí bàbá tó ń fọn trombone bá ti na irin rẹ̀ síwájú, orí mi ló ń gbà kọjá, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ kí ohùn tó jáde. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kankan. Wọn ò fẹ́ kí ènìyàn ya fọ́tò nígbà tí orin bá ń lọ, ẹ jẹ́ kí fóònù wà nínú àpò. Bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ló gbà, ó sì ṣe mí bíi pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ibi kejì ni Frenchmen Street. Ẹ kọ orí sí Esplanade Avenue, ẹ gba Decatur Street níbi tí èrò wà, ẹ sọdá, ẹ ti dé àdúgbò Marigny. Àwọn ará ìlú fúnra wọn máa ń wá síbẹ̀. Ilé orin fara kan ilé orin: The Spotted Cat kéré, ènìyàn sì máa ń fún níbẹ̀, Snug Harbor jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ jókòó gbọ́ jásì jẹ́ẹ́, wọ́n sì ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kàn wọ èyí tó bá kọ́kọ́ kàn yín. Ẹ rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan, ibi tí ẹsẹ̀ yín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀.

Níbi tí wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń retí pé kí ẹ ra ohun mímu kan, ó kéré tán, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin kan bá fi wà lórí ìtàgé. Omi tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà jẹ́ ohun mímu. Bí ẹni tó gbé e bá dé, ẹ fi dọ́là kan tàbí méjì lé e. Nígbà tó bá yá, ọ̀kan nínú àwọn olórin á gbé gáràwá tàbí fìlà káàkiri. Wọn kì í lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí níbẹ̀, inú gáràwá yẹn ni ẹ ó sọ ọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é dáadáa. Lọ́pọ̀ ilé orin wọ̀nyẹn, ohun tó bá wọ inú gáràwá ló pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ òru wọn. Mo máa ń fi dọ́là márùn-ún sílẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan, ibi tí mo bá ti jó, mo máa ń fi mẹ́wàá.

Ẹ tún máa wo kọ́nà òpópó náà. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń kó fèrè idẹ wá síbẹ̀ lálẹ́: tuba, trombone, trumpet, pẹ̀lú ìlù ńlá kan. Wọn ò ní ìtàgé, wọn ò ní iná. Bí tuba bá ti kọ́kọ́ dún, àyà yín ló máa gbà á, ẹ ó sì rí àwọn tó ń rìn kọjá tí wọ́n á dúró, tí èjìká wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ má dúró sẹ́yìn. Ijó ni wọ́n fẹ́ kí ẹ jó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìpadàbọ̀

Kí ẹ tó jáde nílé ni kí ẹ ti fẹnu kò sí ibi tí ẹ máa pàdé bí ẹ bá sọnù síra yín, nítorí ariwo ò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ fóònù. Iwájú kàtídírà rọrùn láti rí. Bí ẹ bá ń padà lẹ́yìn aago méjìlá, ẹ má dá rìn, ẹ má sì gba kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn nítorí pé ó yá. Decatur ni kí ẹ gbà, tàbí kí ẹ pe ọkọ̀. Ọkọ̀ ò lè wọ Bourbon lálẹ́, ẹ rìn jáde sí òpópó gbòòrò kí ẹ tó pè é, kí ẹ sì wo nọ́ńbà ọkọ̀ náà dáadáa kí ẹ tó wọlé. Ọtí tí ẹ bá gbé sílẹ̀ tí ẹ sì kúrò nídìí rẹ̀, ẹ má padà mu ún.

Lẹ́yìn náà, bí ara yín bá lè gbé e, ẹ jí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ kí ẹ tún padà sí Bourbon. Àwọn ọkọ̀ tó ń fi omi fọ òpópó á ti kọjá, òórùn ọṣẹ olóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́ á wà nínú afẹ́fẹ́, àwọn tó ń gbé bíà wá fún ilé ọtí á máa yí àgbá lórí bíríkì tó tutù. Ẹ rìn láàárín títì, kò sí ẹni tó máa tì yín. Ẹ rọra lọ sí apá odò, ẹ jókòó ní Café du Monde kí èrò tó dé, kí ẹ sọ fún wọn pé kọfí oníwàrà tó gbóná ni ẹ fẹ́, èyí tí wọ́n po gbòǹgbò chicory mọ́.